Erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì: Bí ẹgbẹ́ ṣe lè fi owó kékeré rin ìrìnàjò tó nítumọ̀

Gberefu ni orúkọ erékùṣù tó wà ní òdìkejì ìlú Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú gba orí yanrìn lọ sí etí òkun láyé ọjọ́un, kí ọkọ̀ Òyìnbó tó gbé wọn lọ sí ìhà kejì òkun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pe ibẹ̀ ní Ibi Àlọ-àìpadàbọ̀. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́, ìjọ Ọlọ́run, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde nílé ìwé àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, pàápàá lásìkò ọdún àti ìsinmi. Ìdí tí wọ́n fi ń yan ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìrìnàjò náà kò béèrè ìwé ìrìnnà, kò béèrè owó ilẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ kan ṣoṣo sì tó àlọ àti àbọ̀ fún ẹni tó bá ń gbé ní Èkó tàbí nítòsí rẹ̀.

Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Ẹgbẹ́ lè lọ sí Gberefu kí wọ́n sì padà délé láìrí ju yanrìn, igi àgbọn àti fọ́tò lọ, bó bá jẹ́ pé níbi tí wọ́n ti ń wá bí owó yóò ṣe dín kù ni wọ́n ti gé ohun tí kò yẹ ní gígé. Ohun mẹ́ta ni kò yẹ kí àìtó owó mú kúrò nínú ìrìnàjò yìí: ààbò lórí omi, àkókò tó tó láti fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn, àti amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù ni ẹgbẹ́ lè dín kù.

Ibi tó wà àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Àgbádárìgì, tí ìwé ìjọba ń pè ní Badagry, wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀ àti orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn Ogu, tí Yorùbá máa ń pè ní Ẹ̀gùn, ni onílùú, Akran sì ni orúkọ oyè ọba wọn. Àdúgbò mẹ́jọ ló para pọ̀ di ìlú náà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìjòyè tirẹ̀. Èdè Ogu ni èdè ilé wọn, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò ṣàjèjì níbẹ̀ rárá, tó fi jẹ́ pé àlejò tó bá gbọ́ Yorùbá kò ní wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ tì.

Ní Gberefu fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ẹja pípa àti iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ olùgbé ń ṣe. Ogu wà nínú wọn, Ewe wà, Ìlàjẹ náà sì wà. Kí ẹni tó bá ń múra àtilọ mọ̀ dájú pé ìlú tí èèyàn ń gbé ni òun fẹ́ wọ̀. Àwọn ọmọdé ń lọ sílé ìwé níbẹ̀, àwọn ìyá ń sá ẹja, àwọn baba sì ń tún àwọ̀n ṣe.

Bí Àgbádárìgì ṣe di èbúté ẹrú

Ìtàn ìlú náà kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn Dàhòmì. Ní 1724, ọmọ ogun Agaja, ọba Dàhòmì, ṣẹ́gun Allada. Ní 1727, wọ́n tún gba Ouidah, tó jẹ́ èbúté ẹrú tó lókìkí jù lọ ní etíkun náà nígbà yẹn. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá gba ìhà ìlà oòrùn, àwọn oníṣòwò Òyìnbó náà sì ń wá ibòmíràn tí wọn yóò ti máa rajà. Ọ̀kan nínú wọn ni Hendrik Hertogh, ará Họ́láńdì, tó fi Àgbádárìgì ṣe ibùjókòó. Láàrin 1730 sí 1740 ni ìlú náà di èbúté ẹrú tí orúkọ rẹ̀ ń jáde nínú ìwé àwọn oníṣòwò Òyìnbó.

Ọrọ̀ tó ti ibẹ̀ wá kò mú àlàáfíà bá ìlú náà. Ní 1784, Dàhòmì kógun wọ Àgbádárìgì, wọ́n sì ba ìlú náà jẹ́ gidigidi. Nígbà tó yá, Èkó borí gbogbo èbúté yòókù nínú òwò náà. Síbẹ̀, òwò ẹrú kò tán ní Àgbádárìgì. Lẹ́yìn 1820, nígbà tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ tí Ọ̀yọ́ Ilé sì ń tú, ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá sọ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn di ẹrú. Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni wọ́n ń kó wọn gbà lọ. Nítorí náà, Yorùbá tó bá ń rìn lórí yanrìn Gberefu kò rin ilẹ̀ àjèjì. Àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá lè jẹ́ ará ìlú baba ńlá rẹ̀, àwọn tó sì mú wọn tà lè jẹ́ ará ìlú náà pẹ̀lú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, ṣùgbọ́n òfin náà kò dá ọkọ̀ àwọn Potogí àti ti Brazil dúró. Ọdún 1850 ni Brazil tó ṣe òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, nígbà tó sì di 1863, Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba wọn.

Ìdí tó fi jẹ́ orí erékùṣù ni wọ́n gbà

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Àgbádárìgì lè béèrè ìdí tí ọkọ̀ Òyìnbó kò fi wọ ọ̀sà wá kó ẹrú ní etí ìlú. Bí etíkun náà ṣe rí ló fà á. Láti Èkó lọ sí ìhà ilẹ̀ Togo, ilẹ̀ yanrìn gbọọrọ ló pààlà sáàrin ọ̀sà àti òkun ní ọ̀pọ̀ ibi, ibi tí omi méjèèjì sì ti pàdé kò pọ̀. Ìgbì òkun a máa bì lu etí ilẹ̀ tagbáratagbára, kò sì sí ibi ìsádi tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ Òyìnbó fi ń dúró sójú agbami. Wọ́n á fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé àwọn ẹrú sọdá ọ̀sà, wọ́n á mú wọn fi ẹsẹ̀ rin orí yanrìn kọjá, wọ́n á sì tún kó wọn sínú ọkọ̀ kékeré mìíràn, tí àwọn atukọ̀ tó mọ ọgbọ́n ìgbì yóò tù lọ bá ọkọ̀ ńlá.

Ọ̀nà mẹ́ta yìí, ọ̀sà, yanrìn, òkun, ni Gberefu ń fi han àlejò títí di òní. Kò sí ilé ńlá kan ní etí òkun náà tí èèyàn yóò wọ̀ wò. Òpó méjì tó ga, tí wọ́n dà díẹ̀ sí ara wọn, tí wọ́n sì kọjú sí òkun, ni wọ́n fi sàmì sí ibẹ̀. Irú ibi ìrántí bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Erékùṣù Gorée ní orílẹ̀-èdè Senegal wọ inú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti àjọ UNESCO ní 1978, ilé tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹrú sì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè wọ yàrá rẹ̀. Ní Ouidah, ọdún 1995 ni wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun. Ohun tí wọ́n kọ́ sí Gberefu kò tó ti àwọn ibi wọ̀nyẹn. Nítorí náà, ìrìn ẹsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu amọ̀nà ló gbé gbogbo ẹrù ìtàn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá sáré dé ìdí òpó, tó ya fọ́tò, tó sì sáré padà, kò tíì rí ohun tó torí rẹ̀ wá.

Ohun tó yẹ ní wíwò nínú ìlú kí wọ́n tó sọdá

Kí ẹgbẹ́ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí díẹ̀ nínú ìlú, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ibi tó gbajúmọ̀ jù lọ kò jìnnà púpọ̀ síra wọn.

Èkíní ni ọjà ẹrú Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ná èèyàn bí ẹni ná ẹran. Èkejì ni ọgbà Sérìkí Faremi Williams Abass, tí ogójì yàrá kékeré tí wọ́n fi ń ti ẹrú mọ́lé wà nínú rẹ̀. Ìtàn ẹni tó ni ọgbà náà tó ohun tí èèyàn ń ronú lé lórí. Wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré láti ìhà ilẹ̀ Yewa, ó dé Brazil, ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ẹrú àti alágbára nínú ìlú. Ọdún 1919 ló kú. Ẹ̀kẹta ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹbí Mobee, níbi tí ẹ̀wọ̀n àti ohun ìdè àwọn ẹrú wà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba náà wà nínú ilé tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1863.

Lẹ́yìn èyí ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ló kọ́ ọ, Àlùfáà Gollmer ló sì ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà. Ibi tí igi Agia wà náà kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti wàásù ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ọwọ̀n ìrántí ló sì dúró síbẹ̀ báyìí.

Kì í ṣe dandan kí ẹgbẹ́ tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn wọ gbogbo ibi wọ̀nyí. Níbi púpọ̀ nínú wọn ni àlejò ti ń san owó ìwọlé, ìṣirò owó náà sì lè yani lẹ́nu bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ogójì èèyàn. Ibi méjì tí wọ́n fara balẹ̀ wò sàn ju ibi mẹ́fà tí wọ́n sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹgbẹ́ tó bá yan ọjà Vlekete àti ọgbà Sérìkí Abass ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú àti ibi tí wọ́n ti ń tì wọ́n mọ́lé. Erékùṣù ni yóò wá fi ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ hàn wọ́n.

Ìsọdá àti ìrìn orí yanrìn

Etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Gberefu. Ìsọdá náà kò pẹ́ rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Yanrìn ọ̀nà náà rọ̀, ó máa ń mú ẹsẹ̀ wọlẹ̀, ibòji kò sì sí ní gbogbo ibi. Fún ẹgbẹ́ tí àgbàlagbà àti ọmọdé wà nínú wọn, ó dára kí wọ́n ka ìdajì wákàtí sí àlọ, kí wọ́n sì ka ìdajì wákàtí mìíràn sí àbọ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ló yẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe bàtà gogoro, aṣọ ẹgbẹ́jọdá tó ń wọ́ nílẹ̀ kò sì bá ọ̀nà náà mu.

Láàrin ọ̀nà ni kànga kan wà tí àwọn amọ̀nà máa ń dúró sí. Wọ́n á ní wọ́n ti fi oògùn sínú omi rẹ̀, wọ́n á sì ní bí ẹrú bá ti mu ún, yóò gbàgbé ilé, kò sì ní lágbára láti jà mọ́. Lẹ́yìn kànga yìí ni òkun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí kí ojú tó rí i.

Ohun tí amọ̀nà ń sọ àti ohun tó wà lákọsílẹ̀

Amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú mọ ohun tí ìwé kò mọ̀: orúkọ ìdílé, ìtàn tí bàbá sọ fún ọmọ, àti ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹgbẹ́ gé owó rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé àkọsílẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun kan náà, ó sì yẹ kí olùkọ́ tó kó ọmọ ilé ìwé lọ mọ ìyàtọ̀ wọn.

Àpẹẹrẹ kan ni ọdún tí òwò náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tàbí ìkẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń kó ẹrú gba Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò tọ́ka sí àkókò tó tẹ̀lé ìṣubú Ouidah ní 1727. Àpẹẹrẹ kejì ni Bíbélì Yorùbá. Àwọn kan máa ń gbọ́ pé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Samuel Ajayi Crowther ti túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé Crowther dé Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, tó sì dúró síbẹ̀ fún bí ọdún kan àbọ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ èèyàn ni Bíbélì náà, lẹ́yìn 1880 ni odindi rẹ̀ sì tó parí. Bákan náà, wọ́n mú Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀ ní 1822, kì í ṣe Gberefu. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú omi.

Ní ti kànga ìgbàgbé, kò sí ìwé tó lè fi oògùn sórí òṣùwọ̀n. Ohun tó dájú ni pé àwọn tí wọ́n kó lọ kò gbàgbé. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n ṣì ń kọrin sí Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ọbàtálá, orúkọ Kétu sì wà lára ọ̀nà ìsìn wọn. Ní Cuba, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí pa ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ nínú ẹ̀sìn wọn láti ìran dé ìran. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún àwọn ọmọdé ni ìdí kànga náà gan-an, lẹ́yìn tí amọ̀nà bá ti sọ tirẹ̀ tán. Kò ní tàbùkù amọ̀nà, yóò sì jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí ìtàn náà já sí.

Ìbéèrè méjì tó ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ni pé: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sì ṣẹlẹ̀? Bí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ béèrè, amọ̀nà rere kì í bínú sí i.

Bí owó ṣe ń dín kù

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òun náà la sì fi ń háyà ọkọ̀. Oríṣi owó méjì ló wà nínú ìrìnàjò ẹgbẹ́. Èkíní ni owó tí kì í yí padà, èèyàn ì báà pọ̀, wọn ì báà kéré: owó bọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá gbà lódindi, àti owó amọ̀nà. Èkejì ni owó tó ń tẹ̀lé iye orí: owó ìwọlé, oúnjẹ àti omi.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní wọ́n háyà bọ́ọ̀sì elérò 18 ní 90,000 náírà. Bí èèyàn 18 bá lọ, 5,000 náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni mẹ́fà bá yẹ̀ ẹ́ lójijì tó ku 12, ó di 7,500. Ẹni tó kọ̀ láti wá lọ́jọ́ ìrìnàjò ló ń mú owó ga sókè lórí àwọn tó wá. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ gba owó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kí oṣù tó parí, kí wọ́n sì ṣe òfin pé owó náà kì í padà bí ẹni náà kò bá wá aṣojú. Àwọn tó ń dá àjọ lè dá a díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, kó má baà wúwo lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ ni ibi tí owó ti ń lọ jù láìfura. Ẹgbẹ́ tó bá se ìrẹsì nílé, tó kó o sínú kúlà, tó sì gbé omi inú ọ̀rá dání, ti dín owó kù láìfi ohunkóhun du ara wọn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ ṣáájú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń wúlò, pàápàá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, torí wọn yóò ti mọ iye owó ìwọlé àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ kékeré tí kò lè kún bọ́ọ̀sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Mile 2, ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì. Kí akápò mú owó lọ́wọ́, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé bánkì nìkan, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dùn ún ní etí omi.

Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan ṣe é. Kí wọ́n sùn mọ́jú ní Àgbádárìgì, ì báà jẹ́ ní ilé ìtura kékeré tàbí ní gbọ̀ngàn ìjọ tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Owó oorun òru kan kéré sí ewu dẹ́rẹ́bà tí oorun ń kùn lójú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tó bá sì ń rò pé àwọn yóò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Benin lọ́jọ́ kan náà ń fi wàhálà kún wàhálà. Òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ ẹgbẹ́ láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wọn láìgba físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà ṣì pọn dandan, àyẹ̀wò ojú ọ̀nà sì ń gba àkókò. Paríparì rẹ̀, kí olúkúlùkù mú káàdì ìdánimọ̀ dání, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà náà.

Ohun tí kò yẹ ní gígé

Orí omi ni ohun àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ìdáàbòbò orí omi, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tó ṣe é dè mọ́ra, tí okùn rẹ̀ kò já. Ọmọdé gbọ́dọ̀ wọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu, nítorí ti àgbàlagbà lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Kí alága béèrè iye èrò tí ọkọ̀ náà ń gbà kí wọ́n tó san owó. Bí èèyàn bá jẹ́ ogójì tí ọkọ̀ sì ń gba ogún, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò lọ. Ibi tí àwọn kan ti ń pàdánù ẹ̀mí ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ọ̀nà kò jìn. Ọ̀sà kò ní kí á jìn kó tó gbé èèyàn lọ. Bí òjò bá ń ṣú tàbí atẹ́gùn bá ń le, kí wọ́n dúró. Kí gbogbo wọn sì ti padà sí ìlú kí oòrùn tó wọ̀.

Òkun ni èkejì. Ìgbì etíkun náà ní agbára, abẹ́ omi sì máa ń fa èèyàn lọ sí agbami. Wọ́n lè wo òkun, wọ́n lè fi omi rẹ̀ kan ẹsẹ̀ létí yanrìn, ṣùgbọ́n wíwẹ̀ kò sí nínú ètò. Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́wàá ni kò gbọdọ̀ dín kù, kí wọ́n sì ka orí níbi ọkọ̀, níbi kànga, níbi òpó, àti nígbà tí wọ́n bá padà dé ọkọ̀.

Àkókò ni ẹ̀kẹta. Ètò tó rọrùn fún ará Èkó ni kí bọ́ọ̀sì gbéra ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, torí a kì í mọ ibi tí sún-kẹẹrẹ yóò ti mú. Bí wọ́n bá dé ní aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n wo ibi méjì nínú ìlú títí di aago mọ́kànlá, kí wọ́n sọdá, kí wọ́n rin ọ̀nà náà láìsáré, kí wọ́n padà sí ìlú ní aago méjì láti jẹun, kí wọ́n sì gbéra wálé ní aago mẹ́ta. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ọ̀nà gbẹ jù. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò lè ba ètò náà jẹ́.

Ohun tí ẹgbẹ́ jẹ àwọn ará erékùṣù

Àwọn olùgbé Gberefu ń rí bọ́ọ̀sì tó kún fún àlejò, ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbé oúnjẹ, omi àti amọ̀nà rẹ̀ wá láti Èkó, kò sí ohun tó kù fún wọn ju ọ̀rá omi tí wọ́n jù sílẹ̀ lọ. Kò náni ní púpọ̀ láti tún èyí ṣe. Kí ẹgbẹ́ ra àgbọn lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á létí ọ̀nà, kí wọ́n gba amọ̀nà àti ọlọ́kọ̀ ojú omi tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kí wọ́n sì kó gbogbo ìdọ̀tí wọn padà sínú àpò tí wọ́n mú dání. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya fọ́tò èèyàn tàbí ojúbọ. Bí amọ̀nà bá ní kí wọ́n yà fún Zangbeto tàbí fún ètùtù kan, kí wọ́n yà láìjanpata.

Ìdí òpó méjì nì kò yẹ fún ariwo gbohùngbohùn. Ijó àti fàájì ní àyè tiwọn, wọ́n lè ṣe é nígbà tí wọ́n bá padà sí ìlú tí wọ́n ń jẹun. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ìdákẹ́jẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ sọ fún àwọn ọmọdé ohun tó kéré jù lọ tó yẹ kí wọ́n mú lọ sílé: pé èèyàn ni wọ́n kó gba ibẹ̀, pé àwọn tó tà wọ́n àti àwọn tó rà wọ́n jọ jẹ̀bi, àti pé àwọn tó lọ kò gbàgbé èdè àti òrìṣà ilé.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí alága lè dáhùn níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀wù ìdáàbòbò orí omi mélòó ló wà nínú ọkọ̀ tí a bá ṣàdéhùn? Wákàtí mélòó ni a fún ìrìn ẹsẹ̀? Ta ni amọ̀nà wa ní Àgbádárìgì? Èló sì ni yóò dúró sọ́wọ́ àwọn ará erékùṣù? Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà, ìrìnàjò olówó kékeré náà ti dọ́gba. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ó sàn kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú.